Land Rover, Land Cruiser tàbí Jeep àtijọ́: bí a ṣe ń mọ èyí tí wọ́n tọ́jú, àti èyí tó yẹ ká yàn

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dúró létí odò kékeré kan nínú igbó, mò ń retí kí ọkọ̀ tó wà níwájú mi kọjá. Land Rover Series III ni, èyí tó kúrú, tí wọ́n fi tapólì bò lórí, ọ̀dà aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì ti ṣá. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń wà á. Bàbá kò kó sómi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tòun ti sípánà kan. Mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ṣé kò sí o?” Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó.

Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé kíláàṣì (clutch), níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé àpótí jíà. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó bá jò ti ń kán dànù kó má baà ba kíláàṣì jẹ́. Kí wọ́n tó wọ omi jíjìn, wọ́n á yí ìdérí kékeré kan wọ inú ihò náà. Tí wọ́n bá ti jáde, wọ́n á tú u. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Bàbá dí i, ó wọ odò lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró lódìkejì, ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú u. Ó wá na ìdérí náà sí mi. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan péré ló wà létí rẹ̀, kò sí omi. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí ló máa ń sọ fún mi bí nǹkan ṣe rí nínú lọ́hùn-ún.”

Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í fi ọ̀dà tó ń dán mọ ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú.

Jíìpù la máa ń pe gbogbo ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni Jeep ṣe. Tí mo bá kọ Jeep níhìn-ín, ti ilé iṣẹ́ Jeep gan-an ni mo ń sọ. Mẹ́ta ló sábà máa ń mú ojú ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà igbó: Land Rover Series, Land Cruiser 40, àti Jeep CJ. Lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ní igun bí àpótí, gbogbo wọn ló ní ṣásí lọ́tọ̀ tí ara ọkọ̀ jókòó lé, gbogbo wọn ló ní sípírìngì pẹlẹbẹ níwájú àti lẹ́yìn, àti ọ̀pá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà fún ẹrẹ̀ àti òkè. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí kálukú ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ sí. Land Rover ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀, nínú ṣásí. Land Cruiser ń fi tirẹ̀ pamọ́ sára, lábẹ́ ọ̀dà. Jeep ń fi tirẹ̀ pamọ́ sínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti ní in rí. Bí mo ṣe ń yan ọkọ̀ nìyẹn: mo máa ń bi ara mi léèrè irú àìsàn tí mo lè wò fúnra mi, kí n tó béèrè èyí tó wù mí.

Ohun tí ọ̀nà igbó ń fi hàn

Ọ̀nà igbó dáa láti wo ọkọ̀ àtijọ́ ju iwájú ilé ẹni tó fẹ́ tà á lọ. Níwájú ilé, ó dúró sójú kan, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi nǹkan pa táyà rẹ̀ dúdú. Nínú igbó, iṣẹ́ ló ń ṣe, kò ráyè fara pamọ́.

Kí ẹ tó wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wo ojú ẹsẹ̀ tí táyà rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú iyanrìn tútù tàbí ẹrẹ̀ rírọ̀. Níbi tó ti ń lọ tààrà, ojú táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ ojú táyà iwájú mọ́lẹ̀, lọ́tùn-ún bí i ti òsì. Bí ti ẹ̀yìn bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí akàn ni ọkọ̀ náà ń rìn. Ó lè jẹ́ pé bóòtù àárín tó de sípírìngì ti já, tí áàsù (irin tó dábùú láàárín táyà ọ̀tún àti òsì) sì ti sún kúrò láyè rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìjàǹbá ti tẹ ṣásí rẹ̀ rí. Ti àkọ́kọ́ ṣeé tún ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ti ìkejì lè gba kí wọ́n tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú, ẹrẹ̀ òní nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo kọ̀rọ̀ ṣásí, ẹ̀yìn táyà àti orí áàsù. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ òní lórí ẹrẹ̀ oṣù tó kọjá, lórí ẹrẹ̀ èṣí tó ti gbẹ di amọ̀, ẹni tó ni ín kì í fọ abẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ yẹn máa ń fa omi mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn, á sì gbé e mọ́ irin títí omi òjò mìíràn yóò fi dé. Bí àyè ohun kan ṣoṣo bá wà fún mi láti wò lára ọkọ̀ tó ń kọjá, èyí ni mo máa wò.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ onípẹtiróòlù bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí jíà ló ń dá a dúró, tí awakọ̀ wá tún tẹ iná, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá rú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ fáàbù wọ ibi tí epo ti ń jó. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá fílítà afẹ́fẹ́ ló dí. Èyí kò le. Èyí tó le ni èéfín funfun tí kò tán bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín. Omi ti rí ọ̀nà wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tó bá ń yí kọ̀rọ̀ tó há. Bí ẹ bá ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti táyà iwájú, oríkèé irin tó ń fa táyà náà ti ń gbó. Bí ó bá dún gbìì nígbà tí awakọ̀ ń pààrọ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn, oríkèé ọ̀pá gígùn tó wà lábẹ́ ló ti jìn.

Ẹ wo ẹni tó ni ín náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló ní ọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fọwọ́ yí láàárín táyà iwájú, kí táyà náà tó lè máa fà. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ máa ń dúró níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà igbó, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ìka méjì yí ọ̀tún, á lọ yí òsì. Bí ó bá wá hámà tàbí ẹ̀mú kó tó lè yí i, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi gírísì síbẹ̀. Nígbà tó bá sì padà sórí títì ọlọ́dà, á tún yọ jíà iwájú kúrò. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn yàtọ̀ ní eré nínú àpótí jíà irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á sì tu irin. Lórí títì gbígbẹ, táyà kò lè yọ̀, irin inú lọ́hùn-ún ni yóò máa fa ara wọn ya.

Ara tí igi ti ha kò já mọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ igbó ni, igbó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i lára.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Land Rover Series III | Land Cruiser 40 | Jeep CJ-7 |
|---|---|---|---|
| Ọdún tí wọ́n fi ṣe é | 1971 sí 1985 | 1960 sí 1984 | 1976 sí 1986 |
| Láti àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn | ínǹṣì 88 tàbí 109 | bí ínǹṣì 90 fún FJ40 (èyí tó kúrú nínú ìran 40) | ínǹṣì 93.4 |
| Ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ | lítà 2.25, pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì | pẹtiróòlù lítà 3.9, lẹ́yìn náà 4.2; dísẹ́ẹ̀lì náà wà | pẹtiróòlù lítà 4.2, V8 lítà 5.0 náà wà |
| Ara | alumíníọ̀mù | irin, orí rẹ̀ fáíbà | irin |
| Ibi tí àìsàn ń sá pamọ́ sí | ṣásí | ara lábẹ́ ọ̀dà | àtúnṣe àwọn tó ti ní in |

Land Rover: ẹ wo ìsàlẹ̀

Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fáráyé rí, níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí, irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì rí lò fún ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ara Land Rover kì í fi í dógùn-ún, ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn sì ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ara tó pé, wọ́n á rò pé ọkọ̀ pé. Irin ni ṣásí tó wà lábẹ́. Wọ́n ṣe é bí àpótí gígùn tó ṣófo nínú, omi àti ẹrẹ̀ sì máa ń rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Láti inú ló ti ń jẹrà bọ̀ síta. Ọjọ́ tí ojú bá rí ihò, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi irin tó dábùú láti ọ̀tún dé òsì. Bí ẹni tó ni ín bá gbà yín láyè, ẹ fi hámà kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀. Irin tó yè á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀tọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ kàn án tẹ̀lé ara wọn lọ síwájú: ibi tí sípírìngì ti so mọ́ ṣásí, àwọn apá kúkúrú tó nà síta láti gbé ara ọkọ̀ dúró, àti imú ṣásí méjèèjì níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ẹní ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ kì í ṣe alumíníọ̀mù, irin ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń wà sì máa ń jẹ ihò. Níbi tí alumíníọ̀mù àti irin bá ti fara kan ara, tí omi sì ń dé ibẹ̀, ẹ lè rí lẹ́búlẹ́bú funfun. Alumíníọ̀mù ló ń jẹrà níbẹ̀.

Bí abẹ́ ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà dúdú tó nípọn láti imú dé ìdí, ẹ̀rù máa ń bà mí. Ẹni tó ń fi ọ̀rá tàbí ọ́ìlì pa abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún kì í bo irin mọ́lẹ̀. Ẹ ó ṣì máa rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, àti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ní kí wọ́n gbé yín gun òkè kan. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní jíà kejì, kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Bí ọ̀pá jíà bá fò jáde fúnra rẹ̀, àpótí jíà náà ti gbó. Series III ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé yìí tí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń lọ síwájú ń wọlé wẹ́rẹ́. Nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìkíní àti ìkejì ń fẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó ti mọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kó tẹ ọ̀pá kékeré olórí ìyeyè mọ́lẹ̀ kí iwájú lè máa fà, kó sì fa ọ̀pá olórí pupa sẹ́yìn fún jíà agbára. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé láìjà.

Mi ò ní pa á mọ́ fún yín: kì í yára. Lórí títì ọlọ́dà, gbogbo ọkọ̀ ni yóò yà yín sílẹ̀, bí ẹ bá sì tẹ iná mọ́ ọn lójijì níbi tí táyà ẹ̀yìn há sí, ọ̀pá inú áàsù lè ṣẹ́. Àmọ́ bóòtù ló so ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ní sípánà àti sùúrù lè tú ilẹ̀kùn, tú apá iwájú, tú orí, kó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ṣásí tuntun tí wọ́n ti rì sínú síǹkì, tí kò ní tètè dógùn-ún, wà fún rírà títí dòní. Tí ẹ bá rí Series tí wọ́n ti gbé karí irú ṣásí bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtilẹ̀wá pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti ha, ẹ má wo ọ̀dà rẹ̀ rárá.

Land Cruiser: ẹ wo ara

Ọdún 1951 ni Toyota kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ BJ. Lọ́dún náà ni Ichiro Taira, tó máa ń dán ọkọ̀ wò fún wọn, wà á gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà. Ọdún 1954 ni wọ́n sọ ọ́ ní Land Cruiser, nígbà tó sì di 1960, ìran 40 jáde, èyí tí orí rẹ̀ funfun tí ojú rẹ̀ yípo, tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ ni ìdùnnú rẹ̀. Kò ní kí ẹ́ńjìnnì pariwo kó tó fa. Mo ti rí FJ40 kan tó gun òkè olókùúta tí ó há, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kùn orin, táyà kọ̀ọ̀kan ń yí díẹ̀díẹ̀, kò sí òkúta tó ta. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù, tó ń lọ ọ̀nà jíjìn lórí òkè, agbára yìí yóò wúlò fún un ju ohun tí Land Rover ní lọ. Epo ni yóò fi san án.

Ṣásí rẹ̀ le. Ara ni kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, sí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, àti sí etí férémù gíláàsì iwájú. Bóòtù ló so apá iwájú mọ́ ọn, ẹ lè tú u. Ṣùgbọ́n jíjó ni wọ́n jó ẹ̀yìn pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ wá jórin-jórin tó mọṣẹ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi máa ń fi bọ́dìfílà (ohun tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ ihò ara ọkọ̀, tó máa ń gan) dí i, tí wọ́n á sì kun ún.

Ẹ mú òòfà kékeré dání, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má baà ha ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ibi tó dájú, bí àárín bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí ọwọ́ yín lè mọ bó ṣe ń fà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́ ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Níbi tó bá ti tú ọwọ́ yín sílẹ̀, bọ́dìfílà ló wà níbẹ̀. Kò ní lẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́. Kò sì wúlò lára Land Rover, nítorí alumíníọ̀mù kò mọ òòfà.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú, níbi tí ọmọ orí áàsù tó rí roboto wà. Gírísì díẹ̀ tó rin etí rẹ̀ kò burú. Bí ó bá ń ṣàn, tó ti ta sínú táyà, ọ́ìlì áàsù ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó ti dà pọ̀ mọ́ gírísì, ó sì lè dé orí bíréèkì. Irú ibi roboto bẹ́ẹ̀ wà lára Land Rover náà. Tirẹ̀ ń dán bíi dígí. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń jẹ ihò wẹ́wẹ́, yóò máa fa rọ́bà tó yí i ká ya, ọ́ìlì yóò sì máa jò. Ti Jeep CJ-7 kò ní èyí, oríkèé tirẹ̀ wà níta gbangba.

Jeep: ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti ní in

Látara ọkọ̀ ogun tí ilé iṣẹ́ Willys ṣe láti 1941 ni ìran yìí ti wá, 1945 sì ni CJ-2A jáde fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun. CJ-5 jáde ní àárín ọdún 1950 wọ̀nyẹn, ó sì wà títí di 1983. Ó kúrú gan-an, ó ń yí kọ̀rọ̀ tí àwọn méjì yòókù kò lè yí, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tó dagun, kíkúrú yẹn kì í fọkàn ẹni balẹ̀. CJ-7 gùn jù ú lọ, ara á sì tu ẹni tó bá ń wà á. Bí ẹ bá ń bi mí, CJ-7 ni kí ẹ wá.

Ìṣòro Jeep ni pé ó rọrùn láti tún ṣe, gbogbo ẹni tó bá sì rà á ló máa ń fẹ́ fi nǹkan kún un. Wọ́n á gbé e ga, wọ́n á wọ táyà ńlá fún un, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi òmíràn sí i. Àwọn kan ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é dáadáa. Nígbà tí táyà kan bá rì sínú kòtò, tí èkejì sì gòkè, ẹ wo okùn rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì lọ sí táyà tó rì: ó gbọ́dọ̀ ṣì dẹ̀. Bí ó bá nà tan bí okùn tí wọ́n fà le, ẹni tó gbé ọkọ̀ náà ga kò ronú dé ibẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má ronú dé ibòmíràn náà. Ẹ wo ṣásí níbi tí àpótí sítíárìn ti so mọ́ ọn. Táyà ńlá máa ń jẹ́ kí irin ibẹ̀ sán. Ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀lé wáyà kan ṣoṣo láti bátìrì títí dé ibi tó parí sí. Bí ó bá yí àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà, tí wọ́n fi téèpù so ọ́, ẹ ti mọ irú ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Áàsù ẹ̀yìn CJ-7 náà ń fẹ́ àkíyèsí: ọ̀pọ̀ ló ní èyí tí wọ́n ṣe ọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe ọ̀pá lọ́tọ̀, táyà ńlá sì lè mú kí méjèèjì máa yí lórí ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pá ẹlẹ́yọ kan, ẹ béèrè.

CJ-7 tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ gé nǹkan kan lára rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí i, tí táyà rẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ, tí sípírìngì rẹ̀ wà ní bó ṣe wà, ẹ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn mìíràn wà tí mo fẹ́ràn, n kò kàn ní pẹ́ níbẹ̀. Ford Bronco àkọ́kọ́, ti 1966 sí 1977, ẹ wo ojú ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti gé fún táyà ńlá, èyí tí wọn kò gé ni kí ẹ wá. Range Rover ti 1970 àti Lada Niva ti 1977 yàtọ̀ pátápátá: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń fà nígbà gbogbo, àmọ́ wọ́n ní ohun tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn yàtọ̀ ní eré, nítorí náà títì ọlọ́dà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Niva kò ní ṣásí lọ́tọ̀, nítorí náà ìpẹtà ara rẹ̀ jẹ́ ìpẹtà egungun rẹ̀.

Èyí tó ń dán, èyí tó ti ha

Jíìpù àtijọ́ àkọ́kọ́ tí mo rà ń dán. Ọ̀dà rẹ̀ dà bí omi, àga rẹ̀ tuntun, gbogbo irin abẹ́ rẹ̀ dúdú. N kò bẹ̀rẹ̀. N kò mú òòfà lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní àwọn ti tún un ṣe pátá, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé mo ti fẹ́ gbà á gbọ́ kí n tó débẹ̀. Nígbà kẹta tí mo gbé e wọ igbó, táyà ọ̀tún iwájú gun gbòǹgbò igi kan, ara ọkọ̀ lọ́ díẹ̀, bí ó ṣe yẹ kó lọ́. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn tẹ̀lé ọwọ́ mi pẹ̀lú ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nínú òpó tó yẹ kó gbé ilẹ̀kùn náà, bọ́dìfílà, bébà tí wọ́n rún mọ́lé, àti ìpẹtà tó ń dà bí iyanrìn ni mo bá. Mo jókòó sórí gbòǹgbò náà fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ méjì síwájú mi, tí ọ̀kan ń dán tí kò sí ìwé tàbí fọ́tò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i, tí èkejì ti ha, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí ẹni tó ni ín sì lè sọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì áàsù kẹ́yìn, èyí tó ti ha ni mo máa mú. Mo máa ń wo ẹnu ibi tí wọ́n ń fún gírísì sí lábẹ́, àwọn ọmọ irin kéékèèké tó rí bí orí ọmú. Bí wọ́n bá nù wọ́n, tí gírísì tuntun sì yọ díẹ̀ létí oríkèé, ẹnì kan ń wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí déédéé. Mo máa ń ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ṣì ní eyín púpọ̀ ṣùgbọ́n tó ti dàgbà jù á máa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá ní sípánà tí ẹ kò ní ẹ̀rọ ìjórin, tí ẹ kò sì kánjú, ẹ mú Land Rover tí ṣásí rẹ̀ yè. Bí ó bá jẹ́ òkè, ẹrù àti ọ̀nà jíjìn ni tiyín, tí ẹ sì lè rí jórin-jórin tó dáa, Land Cruiser ni. Kí ẹ múra sílẹ̀ pé wọn yóò béèrè owó tó ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ èyí tó há, tó kún fún òkúta, Jeep ni yóò bá a mu, bí ẹ bá rí èyí tí wọn kò dà láàmú. Èmi fúnra mi, Land Rover ni mo ń wà lónìí. Àmọ́ tí wọ́n bá fi Jeep tí wọ́n tọ́jú àti Land Rover tí wọ́n pa tì síwájú mi, n kò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọ inú Jeep.

Nígbà tí ẹ bá pàdé ọkọ̀ tó wù yín lójú ọ̀nà, ẹ kí ẹni tó ni ín dáadáa kí ẹ tó wo ohunkóhun. Ẹ má béèrè iye tó máa tà á. Ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́ kẹ́yìn lára rẹ̀ àti bó ṣe tún un ṣe. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ á sọ ọ́ fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó ní kò tíì bàjẹ́ rí, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá fẹ́ tà á, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tan ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ máa wá títí ẹ ó fi dé. Ẹ lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tutù bí ìrì ti ń wà lórí rẹ̀, ẹ ní kó tan án, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà.